Òkè Olóyin àti Bíríìjì Ìyànà Ìpájà

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, kò sí ọdún tí n kì í gun Òkè Olóyin. Ẹ gbọ́ o, mo ní kò sí ọdún. Òjò ìbáà pọ̀, ìbáà má pọ̀. Iṣẹ́ ìbáà wà, ìbáà má wà... Rọ̀káyà, ṣé nǹkan tó ò ń tẹ̀ yẹn ti ń gbọ́ ohùn mi? Ó ti ń gbọ́? Ó dáa. Ó ní kí n máa bá fóònù sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èèyàn ni. Èmi ò lè bá fóònù sọ̀rọ̀ o. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi ni màá máa wò, kí fóònù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó máa gbọ́ tiẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Baruwa níbí, ẹ ò mọ bó ṣe rí láti máa gbé nídìí òkè. Ẹ má bínú, òótọ́ ni. Ibi tó ga jù tẹ́ ẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onílé ẹ̀yìn wa. Ibi tí ilẹ̀ bá sì ti dagun díẹ̀ ládùúgbò yìí, àgbàrá ló máa ń sáré gba ibẹ̀ wọlé onílé. Ṣé òkè nìyẹn?

Abúlé tiwa wà lẹ́yìn Ìséyìn, ní ìsàlẹ̀ Òkè Olóyin gan-an. Tó o bá jí láàárọ̀, òkè lo máa kọ́kọ́ rí kó o tó rí bàbá rẹ. Tí òjò bá ń bọ̀, orí òkè ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá wa. Àwọn obìnrin á ti kó láfún tí wọ́n sá sórí àpáta wọlé tán kó tó dé. Ẹ̀yin lóde òní, fóònù ló ń sọ fún yín pé òjò ń bọ̀, òjò á sì ti pa yín tán kó tó sọ ọ́.

Bàbá tèmi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tún máa ń wá oyin lórí òkè yẹn. Inú pàlàpálá àpáta ni àwọn oyin ń gbé. Tí ó bá tó àkókò, gbogbo ilé la jọ ń lọ, àgbà àti ọmọdé, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó ta oyin jí. Bàbá mi ló ń síwájú. Kì í yára, kì í sì í dúró. Tó o bá ń tẹ̀lé e, á dà bíi pé o máa tó kọjá rẹ̀. O ò ní kọjá rẹ̀ láéláé.

Àṣà kan wà nílé wa nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kì í mu omi lórí òkè kí ẹni tó kẹ́yìn tó dé. Ẹni tó síwájú ló ń gbé kèrègbè omi. Tó bá ti dé orí àpáta pẹrẹsẹ kan tí à ń pè ní Ìjókòó, á gbé kèrègbè kalẹ̀, á kọjú sí ọ̀nà, á máa retí. Òùngbẹ lè gbẹ ẹ́ títí kí ahọ́n rẹ̀ le bí ewé gbígbẹ, kò gbọdọ̀ ṣí i. Kí nìdí? Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kéré. Bàbá mi wò mí, ó ní, “Làmídì, ẹni tó ti mu omi yó kì í rántí wo ẹ̀yìn.”

Ó tán. Kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ayé ọjọ́un kì í ṣàlàyé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí i pé àṣà yẹn gbọ́n. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, tó sì fẹ́ tètè mumi, ohun kan ṣoṣo ló lè ṣe: kó padà sísàlẹ̀, kó fa ẹni tó kẹ́yìn lọ́wọ́ wá. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń dá nìkan wà lẹ́yìn. Òde òní ńkọ́? Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi tí omi wà ti gbẹ́ bóhóòlù síbẹ̀, ó ti mọ fẹ́ǹsì yí i ká, ó ti so ajá mọ́ géètì.

Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ jàre.

Nígbà tí mo wá sí Èkó wá ṣiṣẹ́ bíríkìlà, ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ni pé ojú mi ò rí ibi fẹ̀yìn tì. Mo wo iwájú, ilé. Mo wo ẹ̀yìn, ilé. Mo wo òkè, wáyà iná. Àwọn ẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ máa ń sá fún ògiri tó bá ti ga, èmi ló máa ń wù láti gùn ún. Mo lè wà lórí pákó lókè níbẹ̀ kí n máa yọjú wo ọ̀ọ́kán, bóyá màá rí nǹkan tó yọ gọnbu. N kì í rí nǹkan kan. Òtútù àárọ̀ nìkan ló jọ ti ilé.

Ló bá di pé mo ń padà lọ lọ́dọọdún. Nígbà tí mo fẹ́ ìyá bàbá yín, Àlímátù, mo mú un lọ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìlú tó tẹ́jú. Ó ru igbá àkàrà tẹ̀lé mi. Mo ní kó gbé àkàrà sílẹ̀ lábúlé, ó ní ta ló máa bọ́ òun lórí àpáta. Nígbà tá a dé àárín ọ̀nà, ó dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

Ó ní, “Ọkọ mi, ibi tá à ń lọ yìí, kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?”

Mo ní wọn ò ta nǹkan kan.

“Ẹnì kan ń retí wa níbẹ̀ ni?”

Mo ní rárá.

Ó wò mí títí. “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi irú ẹni tí mo fẹ́.”

Ṣùgbọ́n nígbà tó gun òkè náà tán, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tó rí oko gbogbo ayé nísàlẹ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àlímátù o! Ẹni tí kì í dákẹ́ lójú oorun. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀, ó dákẹ́. Láti ọdún yẹn, òun ló ń rán mi létí. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti ń sún mọ́ ọlidé gígùn, á ti máa béèrè pé ọjọ́ wo la máa lọ. A gbé bàbá yín Múráínà lọ nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Ó sunkún láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nígbà tá a ní ká máa sọ̀ kalẹ̀, ó tún sunkún pé òun ò lọ mọ́. Kí Ọlọ́hun bá mi kẹ́ Àlímátù, kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, bóyá ìrìn náà ì bá ti parí mọ́ mi lọ́wọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti pọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí, ó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Lórí òkè yẹn, àwọn èèyàn ti fi ọ̀dà àti èédú kọ nǹkan sára àpáta. Ó kún bámúbámú. Èmi ò lọ iléèwé, n ò sì mọ ohun tí wọ́n kọ. Mo rò pé àdúrà ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń fọwọ́ kàn án, màá ní àmín? Nígbà tí irun funfun ti yọ lórí mi ni mo fúnra mi kọ́ ìwé. Ara mọ́tò àti pátákó ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìpájà ni mo ti kọ́ ọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní mo ti dàgbà jù, mo ní ó dáa, ẹ máa wò mí. Ọdún tí mo mọ̀ ọ́n kà, mo gun òkè, mo lọ kọjú sí àpáta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà. Kí ni mo bá? “Súnmọ́nù fẹ́ràn Sìkírá.” Ìsàlẹ̀ rẹ̀: “Irọ́ ni.” Mo ti ń ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ Súnmọ́nù fún ìdajì ayé mi. Àlímátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ó kéré tán, àmín mi ti gbà, bóyá Sìkírá ti gbọ́.

Ó dáa. Ó kan ọdún tó kọjá. Rọ̀káyà, ìwọ àti Tájù wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nítorí Sọ́fí tó kéré jù, tí a ò tíì mú lọ rí.

A dé ẹsẹ̀ òkè láàárọ̀, orúnkún mi òsì ti ń sọ̀rọ̀ látàná, èmi ò dá a lóhùn. Rọ̀káyà ló gbé omi, ó síwájú. Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé mò ń bọ̀. Mo rìn, mo rìn. Ìgbà tí mo dé ìdí igi ìrá kan, kò tíì tó ìdajì ọ̀nà rárá, orúnkún yẹn há. Ó há bí ilẹ̀kùn tí òjò rin. Mo jókòó. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lókè, mo sì mọ̀ pé oòrùn ti ń mú. Mo mọ̀ pé wọn ò ní mumi. Èmi ni mo kọ́ wọn pé kí wọ́n má mu ún.

Kò pẹ́, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo wọn. Rọ̀káyà gbé ike omi kọ́ èjìká, ètè rẹ̀ ti funfun. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi padà, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé Ìjókòó. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn. A wá bá yín ká lè mumi ni.”

A mu ún nídìí igi ìrá yẹn. Omi yẹn dùn, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó dé orí òkè. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi nìyẹn.

Nígbà tá a padà sílé, wọ́n mú mi lọ rí dókítà. Ó ní omi inú orúnkún ti gbẹ. Ó ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí n gbàgbé òkè. Bàbá yín ní ó parí nìyẹn, pé tí ọlidé gígùn bá tún dé, òun máa kó àwọn ọmọ lọ sí etíkun. Ẹ̀yin náà ní kí ni? Ẹ ní bí Bàbá ò bá lọ sí òkè, ẹ̀yin náà ò lọ mọ́ láéláé. Ẹ rò pé ẹ̀ ń pọ́n mi lé. Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ mi ò lè sùn. Etíkun kọ́ ló ń bà mí nínú jẹ́. Ìrìn tí bàbá mi rìn, tí Àlímátù rìn, ṣé orúnkún kan ṣoṣo ló wá fẹ́ pa á? Bí ẹ̀yin ò bá lọ ní ọdún yìí, ẹ ò ní lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó di àfẹnusọ nìyẹn.

Ẹ mọ̀ mí. Orí kunkun ni mo gbé wáyé. Mo ní màá fi han orúnkún yìí pé èmi ni mo ni ín. Níbo ni mo wá fẹ́ ti rí òkè l'Álímọ̀ṣọ́? Mo rò ó títí. Bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ Ìyànà Ìpájà ló sọ sí mi lọ́kàn.

Bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, màá ní mò ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan. Màá wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ìyànà Ìpájà. Màá gun bíríìjì, màá sọ̀ ní òdìkejì, màá tún padà gùn ún. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ọsàn nídìí àtẹ̀gùn bi mí pé kí ni mo gbàgbé sí òdìkejì tí n kì í rí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan sì ní, “Bàbá, ṣé gọ́mìnà ló ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ bíríìjì yìí ni?” Mo ní òun gan-an ni, pé orúkọ rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wà nínú àwọn tí mò ń ṣọ́. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀ ṣá. Wọ́n máa ń yà fún mi.

Lọ́jọ́ kan, orúnkún tún há. Ní agbede méjì àtẹ̀gùn, tí èrò ń lọ tí èrò ń bọ̀. Ọmọ ọlọ́sàn gbé àpótí rẹ̀ gòkè wá fún mi, mo jókòó, òun padà sídìí ọsàn rẹ̀. Àfi bí mo ṣe wo ìsàlẹ̀, ta ni mo rí? Màmá yín. Ó ń ti ọjà Shasha bọ̀ pẹ̀lú ata àti tòmátò tó lọ rà fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò mí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé màmá yín bẹ̀rù ibi gíga. Ọmọ Ìbàdàn, inú ìlú olókè ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ kì í gun bíríìjì. Á ní kí kẹ̀kẹ́ gbé òun yí po kó tó gbà. Ọjọ́ yẹn, mo rí i tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ ọlọ́sàn. Ó di irin mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ń gòkè, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ètè rẹ̀ ń mì, mo mọ̀ pé àdúrà ló ń ṣe. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò kí mi. Màmá yín tí kì í fi ìkíni ṣeré.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ilé ọ̀rẹ́ yín nìyí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ọ̀rẹ́ yín ga o.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín. Ó ní, “Ẹ má bínú sí mi o, Bàbá. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gun òkè yẹn, àbí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá ni pé kí ìrìn yẹn má parí?”

Ẹ gbọ́, èèyàn lè dàgbà títí kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ìbéèrè tó bá a mu. Àwọn èrò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn kan ń kí mi, n ò gbọ́. Mo ní, “Ìyá Rọ̀káyà, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí èmi bá jókòó, gbogbo wọn máa bá mi jókòó ni.”

Ó ní, “Ṣé ẹ ti ní kí èmi lọ rí?”

Mo wò ó.

“Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, Bàbá. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ̀ ń ní kí n ṣe àkàrà. Mo máa ń ṣe àkàrà. Kò sẹ́ni tó ní kí n máa bọ̀.”

Mo ní àwa rò pé ó ń bẹ̀rù ni. Ó ní òun ń bẹ̀rù lóòótọ́. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun báyìí tí òun jókòó síbí, pé kí n wo bí òun ṣe di irin mú. Mo wò ó, kò tíì jù ú sílẹ̀. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n mo gòkè wá bá yín, àbí n ò gòkè? Ẹ kọ́ mi, Bàbá. Èmi ni màá kó wọn lọ.”

Alhamdulillahi. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Bí mo ṣe jókòó sórí àpótí ọlọ́sàn yẹn, mo kàn ń wo ọmọ ọlọ́mọ tí ọmọ mi fẹ́ wálé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà. A di ara wa mú, a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò lè mọ èwo nínú wa ló ń mú èkejì.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń rí àwa méjèèjì níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni èmi ń jókòó, mo gbọ́ ti dókítà wàyí. Òun ló ń gùn. Mo ní kó má wo ibi tó ń lọ, kó wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Mo ní kó má sáré kó tó rẹ̀ ẹ́, kó má sì dúró nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bó ṣe kọ́kọ́ jẹ́ kí irin bọ́ lọ́wọ́ kan, ọmọ ọlọ́sàn pàtẹ́wọ́ fún un. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ yẹn ní gọ́mìnà ti wá gba àwọn ọlọ́dẹ méjì síṣẹ́. Bàbá yín gbọ́ ọ, ó ní irọ́ ni, àfi ìgbà tó tẹ̀lé wa lọ tó fojú rí i. Kò sọ ti etíkun mọ́. Ó ní òun náà máa lọ, pé òun ò lè jókòó sílé kí ìyàwó òun máa gun òkè abúlé òun.

Nítorí náà, ẹ fetí sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún yín ní ọlidé gígùn, kí ó tó pé ọ̀sẹ̀, a ti gbéra. Ìyànà Ìpájà la ti máa wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, láti ibẹ̀ ó di Ìséyìn. Ilé àbúrò mi lábúlé la máa sùn sí, mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó ní kí n má kó ìrẹsì wá, iyán lòun máa gún. Ẹni tó bá wọ sálúbàtà, ilé ni yóò wà. Bí àpáta bá tutù, ẹ fi ọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má da àwọn oyin láàmú, àwọn ló nilé. Rọ̀káyà, lọ́fínńdà rẹ yẹn, fi í sílẹ̀ ní Baruwa. Oyin ò mọ̀ pé fọ́tò lo fẹ́ yà. Sọ́fí á lọ, ìyá rẹ̀ ló máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ má kọ nǹkan kan sára àpáta o. Súnmọ́nù ti kọ ọ́ tán.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Láyé àtijọ́, bàbá ní í síwájú, obìnrin a ru igbá tẹ̀ lé e, arúgbó a sì máa rìn títí tó fi ṣubú. Mo ti máa ń kẹ́dùn pé ayé àtijọ́ lọ. Mo ṣì ń kẹ́dùn àwọn nǹkan kan níbẹ̀. Èyí tó yí padà lọ́wọ́ màmá yín yìí, mi ò kẹ́dùn rẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́hun bá fún ní ẹni tó máa bá a gba ẹrù, kó gbé e fún un kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbọ̀n jù. Ìmọ̀ràn tí mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ òkè ni èmi máa wà. Àbúrò mi máa gbé àga síta fún mi. Tí ẹ bá dé orí rẹ̀, ẹ má pè mí lórí fóònù. Ẹ kàn dúró sí etí àpáta, kí gbogbo yín jọ dúró. Láti kékeré mi, orí òkè yẹn ni mo ti máa ń wo ìsàlẹ̀. N ò tíì dúró sí ìsàlẹ̀ rí kí n wo bí àwọn èèyàn mi ṣe ń rí lókè.